Omi Tó Wọ Iṣan, Omi Tó Jò Síta

Kí èèyàn tó dé wọ́ọ̀dù pàjáwìrì àwọn ọmọdé, á kọ́kọ́ kọjá níwájú àwọn tó ń ta omi. Kì í ṣe omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń kiri lójú títì ni mò ń sọ. Àwọn ṣọ́ọ̀bù oògùn ló tò sí òdìkejì géètì ilé ìwòsàn náà, páálí omi iyọ̀ àti omi ṣúgà sì kún inú wọn dé àjà. Ìyá kan sáré jáde látinú ọgbà, bébà kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti já sí ọrùn. Kò béèrè iye owó. "Ẹ bá mi mú omi méjì pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀," ló wí. Ó ju owó sórí tábìlì, ó gba ẹrù rẹ̀, ó sì tún sáré padà.

Mo tẹ̀lé e wọlé. Àsìkò òjò ni, ibà ti gbòde, bẹ́ẹ̀dì kankan kò sì ṣófo. Wọ́n ti gbà kí n bá nọ́ọ̀sì àgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru rìn kiri, kí n máa wò, kí n má dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Irin ìgbómikọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀dì. Níbi tí irin kò kárí, ìṣó ara ògiri ni wọ́n fi àpò omi kọ́. Ojú gbogbo òbí tó wà níbẹ̀, òkè ló ń wò, síbi tí omi ti ń kán.

Bàbá kan gbé ọmọ wọlé ní èjìká. Ọmọbìnrin ni, kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, ọrùn rẹ̀ kò ran mọ́. Ìyá àgbà tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, ó di báàgì mọ́ àyà. Ibà ti mú ọmọ náà fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ti fún un ní àgbo, wọ́n ti ra oògùn lọ́wọ́ kẹ́mísìtì, gìrì wá gbé e nírọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì gbé e lé òṣùwọ̀n: kílò 12. Kò fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ bí gbogbo wa ti máa ń ṣe nílé. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ló dì mú. Ikùn gbóná, àyà gbóná, ẹsẹ̀ tutù dé orúnkún. Ó fi àtàǹpàkò tẹ àárín àyà rẹ̀, ó dì í mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó sì sí ọwọ́. Ojú ibẹ̀ funfun. Nọ́ọ̀sì ń kà á síta: oókan, eéjì, eéta, ẹẹ́rin. Ìgbà yẹn ni àwọ̀ ara tó padà.

"Ẹ̀jẹ̀ kò dé etí ara dáadáa," ó wí fún dókítà tó ti ń bọ ìbọ̀wọ́.

Ìyá àgbà gbọ́. Ó kúnlẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ fa omi sí i lára. Ẹ jẹ́ kó máa sáré lọ."

"Ẹ dìde, Màámi. A ó fà á. Ṣùgbọ́n kò ní sáré."

Ìdáhùn yẹn ni mo wá wádìí rẹ̀ tìdí tìdí. Omi ò lọ́tàá, la máa ń wí, kò sì sí ilé Yorùbá tí wọn kì í yọ̀ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé dókítà ti fa omi sí aláìsàn lára. Ṣùgbọ́n omi tó gba ojú abẹ́rẹ́ wọ ara tí àìsàn ti mú iṣan rẹ̀ gbiná, oògùn ni. Ó ní ìwọ̀n tirẹ̀, ó sì ní ibi tó ti ń pani. Mo fẹ́ kí gbogbo òbí mọ èyí kí wọ́n tó dé ẹnu géètì níbi tí wọ́n ti ń ta á.

Dókítà rí iṣan kan lẹ́yìn ọwọ́ ọmọ náà, ó ti kánúlà aláwọ̀ yẹ́lò wọ inú rẹ̀, wọ́n gé páálí pẹlẹbẹ tẹ́ abẹ́ ọwọ́, wọ́n fi pílásítà wé e kó má bàa fà á yọ. Kí ẹ̀kán omi kan tó wọlé, wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ síta fún àyẹ̀wò, wọ́n ti gún ìka rẹ̀ láti mọ iye ṣúgà tó wà lára rẹ̀, wọ́n sì ti gún un ní artesunate nígbà tí àyẹ̀wò fi kòkòrò ibà hàn. Abẹ́rẹ́ yìí ti fi ara rẹ̀ hàn ná. Nínú ìwádìí ńlá kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2010, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án nílẹ̀ Áfíríkà, tí Ìlọrin sì wà nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe é, àwọn ọmọ tó gba artesunate kú dín sí àwọn tó gba kuiníìnì. Ohun tó ń pa kòkòrò nìyẹn. Omi kì í pa kòkòrò.

Láàárín àpò omi àti rọ́bà, nọ́ọ̀sì so ìgò gbọọrọ kan tó ní ìlà òǹkà lára. Ó jẹ́ kí omi díẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó sì ti ẹnu àpò pa. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì ṣí i sílẹ̀, ìwọ̀nba tó wà nínú ìgò yẹn nìkan ló lè sáré wọ ara ọmọ. Ẹ̀kán 60 níbẹ̀ ló ń ṣe mílílítà kan, torí náà iye ẹ̀kán tó bá já láàárín ìṣẹ́jú kan ni iye mílílítà tí yóò wọlé láàárín wákàtí kan. Ó gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìgò, ó ń yí rólà kékeré ara rọ́bà díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ẹ̀kán 36. Mílílítà mẹ́ta fún kílò kan ní wákàtí kan. Ó lẹ pílásítà mọ́ ara ìgò, ó kọ aago àti iye sí i, ó sì kọjú sí bàbá ọmọ: "Ẹ má fọwọ́ kan ibí yìí o, ì báà ṣe pé ó lọ́ra lójú yín."

Ẹ jẹ́ ká bá omi náà rìn. Láti ẹ̀yìn ọwọ́, ó gòkè apá, ó wọ apá ọ̀tún ọkàn, ó gba inú ẹ̀dọ̀fóró, ó padà sí apá òsì ọkàn, ọkàn sì tì í jáde sí gbogbo ara. Iṣan tó gbà á bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, ó ń pín sí ẹ̀ka, títí yóò fi dé àwọn iṣan tó kéré jù lọ, tí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ní láti tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó kọjá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ògiri àwọn iṣan kékeré wọ̀nyí kò nípọn ju sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lọ. Lójú ògiri náà nínú, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń fi ara kàn án, ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní glycocalyx. Ẹ̀wọ̀n ṣúgà àti purotéènì tó hù jáde lára sẹ́ẹ̀lì ni. Ó fẹ́lẹ́ débi pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó rí i. Ọdún 1966 ni onímọ̀ kan, John Luft, rí ọ̀nà láti kùn ún ní àwọ̀ kó lè hàn lábẹ́ ẹ̀rọ awò alágbára. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí albumin, purotéènì tó ń fa omi mọ́ra nínú ẹ̀jẹ̀, sá jáde. Òun náà ni kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì funfun, tí í ṣe ọmọ ogun ara, máa lẹ̀ mọ́ ògiri láìnídìí.

Onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Ernest Starling, ti ṣàlàyé ní ọdún 1896 pé nǹkan méjì ló ń du omi mọ́ra wọn lọ́wọ́ lára ògiri yìí: agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan ń lé omi síta, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ sì ń fà á padà. Fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ àwọn dókítà: omi tó jáde níbẹ̀rẹ̀ iṣan kékeré, ó ń padà wọlé níparí rẹ̀. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ méjì, Levick àti Michel, kó ẹ̀rí jọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi nínú ara. Omi tó bá jáde kì í sábà gba ojú ọ̀nà kan náà padà. Àwọn iṣan olómi mìíràn, tí wọn kì í gbé ẹ̀jẹ̀, ló ń kó o jọ díẹ̀díẹ̀ lọ dà sínú iṣan ńlá nítòsí ọrùn. Èyí já sí pé bí ìbòrí yẹn bá ti ya, tí omi sì ń jò kíákíá ju bí wọ́n ṣe lè kó o lọ, ara á máa wú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ inú iṣan á sì máa dín.

Kí ló ń ya á? Ìjà tí ara fúnra rẹ̀ ń jà ni. Tí ẹ̀gún bá gún wa lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ á pọ́n, á gbóná, á wú. Sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ ti tú kẹ́míkà síta láti ké sí àwọn ọmọ ogun, sẹ́ẹ̀lì ara ògiri iṣan sì ti fà sẹ́yìn kúrò lára ara wọn kí àwọn tó ń bọ̀ lè ráyè kọjá. Omi ẹ̀jẹ̀ á bá wọn jáde. Oore ni, nígbà tó bá mọ sí ojú ẹ̀gún. Ṣùgbọ́n tí kòkòrò bá ti wọ ẹ̀jẹ̀, tí igbe yẹn sì ta ní gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà, ìfàsẹ́yìn náà á ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, nínú kíndìnrín, nínú ìfun, nínú ọpọlọ. Àwọn èròjà tó ń gé nǹkan tí ara tú sílẹ̀ láti fi bá kòkòrò jà á bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìbòrí iṣan náà lulẹ̀. Ògiri á wà ní ìhòòhò, sẹ́ẹ̀lì funfun á lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á tún tú kẹ́míkà sí i. Ti ibà tún ní tirẹ̀: sẹ́ẹ̀lì pupa tí kòkòrò ibà ti wọ̀ ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan kékeré, wọ́n á sì dí i. Ẹ fa àgbá omi mẹ́wàá sí irú iṣan bẹ́ẹ̀, kò ní tú wọn kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó ń pọn omi sínú ajere, bó ti wù kó yára tó, ilẹ̀ ni yóò tutù. Nínú ara tó dá ṣáṣá pàápàá, tí wọ́n bá fa lítà omi iyọ̀ kan sí èèyàn lára, bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ló ń kù nínú iṣan lẹ́yìn tó bá ti tàn káàkiri. Èyí tó kù á lọ bá àwọn ẹran ara. Lára ẹni tí iṣan rẹ̀ ń jò, ìwọ̀nba tó ń kù kò tó bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ti lọ síbi bẹ́ẹ̀dì mìíràn. Mo dúró ti dókítà, mo ní kó ṣírò fún mi: ká ní ó gbọ́rọ̀ sí ìyá àgbà lẹ́nu ńkọ́? Ó kọ ọ́ sẹ́yìn fáìlì. Mílílítà 40 fún kílò kan, lọ́nà kílò 12, mílílítà 480. Ó gbé irú àpò omi tí ìyá ẹnu géètì yẹn ń sáré rà sókè: mílílítà 500 ló kọ sí i lára. "Èyí ṣẹ́ kù díẹ̀ kó tán, ní wákàtí kan, lára ọmọ yìí," ó wí. "Bẹ́ẹ̀ ni ìwé kọ́ wa tẹ́lẹ̀. FEAST ló yí i padà."

Ìtàn ìwádìí tí wọ́n ń pè ní FEAST yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n, torí ọmọ Áfíríkà ló jẹ́ ká mọ òótọ́ tó wà nínú rẹ̀. Kathryn Maitland, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní Kilifi, ní etíkun Kẹ́ńyà, ló ṣáájú rẹ̀. Ilé ìwòsàn mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀: Kilifi; Mbale, Soroti, Kampala àti Gulu ní Ùgáńdà; àti Muheza ní Tanzania. Ọmọ 3,141 tí ibà líle mú, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dé etí ara wọn dáadáa, ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan gba omi iyọ̀ ní kíákíá, àwọn kan gba omi albumin ní kíákíá, àwọn kan kò gba omi tó ń sáré rárá, ìwọ̀nba tí ara ń lò lójúmọ́ nìkan ni wọ́n ń kán sí wọn lára. Gbogbo wọn gba oògùn tó yẹ wọ́n. Àwọn tí kò rí oúnjẹ jẹ tó tí wọ́n ti gbẹ hangogo, àti àwọn tó ń ṣu tí wọ́n ń bì, kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Ọmọ 3,600 ni wọ́n fẹ́ kó jọ, ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ òǹkà náà ní kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Ìdí ni pé, láàárín wákàtí 48, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó gba omi albumin, 10.6 ló kú. Nínú àwọn tó gba omi iyọ̀, 10.5. Nínú àwọn tí omi wọn kò sáré, 7.3. Ẹ tún un kà. Nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n sáré fa omi sí lára, bí ọmọ mẹ́ta tí ì bá yè ló kú. Àwọn dókítà kan nílùú òyìnbó kò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ní bóyá omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ náà nítorí pé ẹ̀rọ tó ń báni mí kò sí. Nígbà tí Maitland àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tú bí ikú kọ̀ọ̀kan ti ṣẹlẹ̀ wò, omi inú ẹ̀dọ̀fóró kọ́ ló pa púpọ̀ nínú wọn. Ìṣàn ẹ̀jẹ̀ wọn ló dá wó. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé láàárín wákàtí àkọ́kọ́, àwọn tó gba omi púpọ̀ ló tètè dà bí ẹni tí ara ń yá: ọwọ́ wọn ń móoru, àwọ̀ wọn ń padà. Òbí tó dúró ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń dúpẹ́. Ikú wá dé lẹ́yìn ọpẹ́.

Kí ló fà á? Ní Ọsirélíà, àwọn olùwádìí mú kí ara àwọn àgùntàn gbiná pẹ̀lú májèlé inú kòkòrò àrùn. Wọ́n fa omi iyọ̀ mílílítà 40 fún kílò kan sí àwọn kan lára, wọn kò fa irú rẹ̀ sí àwọn yòókù. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Àwọn tó gba omi ló tún nílò oògùn amúṣanle jù lẹ́yìn náà kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn má bàa já wálẹ̀, èròjà ìbòrí iṣan tó ti já sínú ẹ̀jẹ̀ wọn sì pọ̀ sí i. Ọ̀nà kan tí wọ́n fura sí rèé: tí omi bá ya wọ ọkàn lójijì, iyàrá òkè inú ọkàn á fẹ̀, á sì tú kẹ́míkà kan jáde tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó da omi nù. Kẹ́míkà yìí kan náà ni ìwádìí mìíràn ti fi hàn pé ó ń já ìbòrí iṣan lulẹ̀. Omi tí wọ́n ní kó wá dí àlàfo tún ń fẹ ihò sí i.

Omi iyọ̀ fúnra rẹ̀ náà ní ẹjọ́ láti rò. Gíráàmù iyọ̀ mẹ́sàn-án ló wà nínú lítà kan. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é ń jẹ́ kéèyàn rò pé ó bá ẹ̀jẹ̀ mu, ṣùgbọ́n chloride inú rẹ̀ jẹ́ 154, nígbà tí ti ẹ̀jẹ̀ wa kò ju bí 100 lọ. Tó bá pọ̀ lára ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kan tẹ́lẹ̀, á tún máa kan sí i. Nígbà tí wọ́n tún padà yẹ òǹkà FEAST wò ní ọdún 2019, wọ́n rí i pé omi tó sáré mú kí ẹ̀jẹ̀ kan sí i, kó là sí i, kí mímí sì nira sí i. Ẹ̀jẹ̀ lílà yẹn kì í ṣe ohun kékeré níbí. Ọmọ tí ibà ti jẹ sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ tó kù lára rẹ̀ kò tó nǹkan, tí wọ́n wá bu omi là á, kí ni yóò fi gbé atẹ́gùn dé ọpọlọ?

A dé bẹ́ẹ̀dì tó wà nítòsí fèrèsé. Ọmọkùnrin kan jókòó gbè sí àyà ìyá rẹ̀, kò lè dùbúlẹ̀. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wú débi pé ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ilé ìtọ́jú aládàáni kan ni wọ́n ti gbé e wá. Wọ́n ti fa àpò omi mẹ́ta sí i lára níbẹ̀ láàárín òru kan, kò sì sẹ́ni tó kọ iye tó wọlé tàbí iye tó tọ̀ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi ìka tẹ ojúgun rẹ̀. Ó gbé ìka kúrò, kòtò ìka sì wà níbẹ̀, kò kún. Dókítà gbé ọ̀pá ìgbọ́yà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó pè mí kí n gbọ́ ọ. Ìró tín-ín-rín kan ń ta pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ ní ìparí èémí kọ̀ọ̀kan. Omi tó jò sínú ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Wọ́n ti dá omi rẹ̀ dúró, wọ́n gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú.

"Ṣé ẹ kò ní fa omi sí i mọ́ ni?" ìyá rẹ̀ béèrè. Ohùn rẹ̀ dà bíi tẹni tí wọ́n fẹ́ fi oúnjẹ du ọmọ rẹ̀.

"Màmá, omi tó wà lára rẹ̀ tó. Ibi tó wà ni kò dáa."

Inú bí mi níbi tí mo dúró sí. Kì í ṣe ìyá yìí ló jẹ̀bi. Àwa la ti sọ àpò omi di àmì pé ilé ìwòsàn ń ṣiṣẹ́, débi pé ẹni tó rẹ̀ lásán á ní kí wọ́n wá fa omi agbára sí òun lára nínú pálọ̀, àwọn kan á sì gba owó rẹ̀. Ẹni tó ń ta á kò ní dúró ka ẹ̀kán.

Ọ̀rọ̀ iṣan tó ń jò kò mọ sí ọ̀dọ̀ ọmọdé, kò sì mọ sí ibà. Ní Ọ̀wọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí Federal Medical Centre ti ń tọ́jú ọ̀pọ̀ àwọn tí ibà Lassa mú, ojú àti ọrùn tó wú jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àmì tó ń dẹ́rù ba àwọn olùtọ́jú, torí ó ń fi hàn pé ògiri iṣan ti ń jò omi sínú ẹran ara, ó sì lè jò yí ẹ̀dọ̀fóró ká. Wọ́n ní láti máa fún aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní omi, kí wọ́n sì máa bẹ̀rù omi náà. Ní Lusaka, ní Zambia, wọ́n dán omi púpọ̀ wò lára àwọn àgbàlagbà tí àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ ti mú kí ìfúnpá wọn já, tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ní kòkòrò HIV. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2017, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ètò tó kún fún omi, 48 ló kú nílé ìwòsàn. Nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, 33. Ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, níbi tí ẹ̀rọ àti olùtọ́jú ti pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, ìwádìí méjì ńlá tó jáde ní 2022 àti 2023 kò rí ìyàtọ̀ nínú iye tó kú, ì báà jẹ́ omi díẹ̀ ni tàbí omi púpọ̀. Lójú tèmi, èyí kò sọ pé omi púpọ̀ dáa. Ó ń sọ pé níbi tí ẹ̀rọ bá wà láti gbé ẹni tó ń rì, a lè má rí ibi tí omi ti ṣe é. Níbi tí kò sí, a ń rí i.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yí ìmọ̀ràn rẹ̀ padà ní 2016. Ọmọ tó bá ní àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ìyẹn ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó tutù, àwọ̀ tó ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ kó tó padà, àti ìlùkìkì ọwọ́ tí kò lágbára tó sì ń yára, òun nìkan ni wọ́n lè fún ní mílílítà 10 sí 20 fún kílò kan, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Èyí tó ní ẹyọ kan tàbí méjì, wọn kì í sáré omi sí i lára. Ìlùkìkì ọwọ́ ọmọbìnrin wa ṣì lágbára. Ìdí tí rólà yẹn fi wà níbi tó wà nìyẹn.

Láago méjì òru, nọ́ọ̀sì padà sí ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà. Ó ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ó fi ìka wá etí ẹ̀dọ̀ lábẹ́ egungun ìhà; bí ẹ̀dọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí i, omi ti ń pọ̀ jù fún ọkàn nìyẹn. Ó gbé nápíìsì lé òṣùwọ̀n kékeré, ó yọ ìwọ̀n èyí tó gbẹ kúrò, ó kọ ọ́ sílẹ̀, torí gíráàmù kan ìtọ̀ ni mílílítà kan. Ó tún tẹ àyà. Oókan, eéjì, eéta. Ẹsẹ̀ ṣì tutù, ṣùgbọ́n òtútù náà kò dé orúnkún mọ́. Èsì ẹ̀jẹ̀ tó dé láti ibi àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, dókítà sì kọ ọ́ pé kí wọ́n fún un ní ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Bàbá rẹ̀ jáde lọ sí ilé ẹ̀jẹ̀. Ìgbà yìí ni mo rí ohun tí àwọn ọmọ FEAST tí omi wọn kò sáré rí gbà: ẹni tó ń wò wọ́n. Nọ́ọ̀sì kan ló ń tọ́jú gbogbo wọ́ọ̀dù yìí, síbẹ̀ wákàtí kan kò kọjá kó má dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà.

Bí ilẹ̀ ti ń mọ́, wọ́n gbé ọmọkùnrin ọdún méjì kan wọlé, kílò 10. Ó ti ń ṣu, ó ti ń bì láti àná, ojú rẹ̀ ti jìn wọ inú, wọ́n fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, awọ náà kò tètè padà. Nọ́ọ̀sì ti kánúlà wọ ọwọ́ rẹ̀, kò so ìgò oníwọ̀n mọ́ ti èyí, ó gbé àpò kọ́ sókè, ó sì yí rólà dé òpin. Omi dà wọlé, kò ṣeé kà.

Ìyá àgbà ti ń wò láti ẹ̀yìn. "Nọ́ọ̀sì, kí ló dé tí tiẹ̀ ń sáré?"

Ó fèsì bó ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Ti ọmọ yìí, ìfun ló da omi nù. Ògiri iṣan rẹ̀ kò bàjẹ́, omi tó bá wọlé á rọ́pò èyí tó ti dànù. Mílílítà 300 láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, 700 láàárín wákàtí méjì ààbọ̀ tó tẹ̀ lé e. Irú àìsàn báyìí gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ omi fífà. Ní ọdún 1832, nígbà tí àrùn onígbá-méjì ń jà ní Leith, ní Scotland, dókítà Thomas Latta fa omi iyọ̀ sí iṣan obìnrin arúgbó kan tó ti ń kú lọ. Ohùn obìnrin náà padà, ojú rẹ̀ là. Latta fi í sílẹ̀ lọ. Ìgbẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún fa omi sí i, ó sì kú ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà. Omi ni obìnrin náà nílò, púpọ̀ sí i, àti ẹni tí yóò dúró tì í.

Nọ́ọ̀sì ti bu omi oníyọ̀ àti ṣúgà sínú kọ́ọ̀bù fún ìyá ọmọ náà, ó fi ṣíbí hàn án. "Tó bá ti lè gbé e mì, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ṣíbí kan, ẹ dúró, ṣíbí kan." Ó di ọwọ́ ọmọ mú, ó ń ka ìlùkìkì rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà á tún wá ti tiẹ̀ pa?" ni ìyá àgbà béèrè.

"Tó bá ti tọ̀, tí ojú rẹ̀ kò jìn mọ́, màá dín in kù, Màámi. Báyìí, kò tíì tó." Ó sì nawọ́ mú àpò kejì.